Ọmọ Ìfọ́n Pé Márùndínlọ́gọ́ta: AY, A Bá Ọ Yọ̀ O

Lọ́dún 2016, mo lọ gbé ìyá mi ní Oǹdó, mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ wo fíìmù ní ilé sinimá ní Àkúrẹ́. Ó múra bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ: gèlè, ìpèlé, bàtà tó bá báàgì mu. Ó rọ ẹ̀pà sínú báàgì náà, ó ní ojú kì í wo eré kí ẹnu máa wòran. Nígbà tá a fi máa dé, iná ti kú, gbogbo èèyàn ti jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóhùn sókè: "Ẹ kú ìjókòó o!"

Àwọn ọ̀dọ́ kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ohùn mẹ́fà méje fi dáhùn láti inú òkùnkùn: "Ẹ kú àbọ̀, mà!" Ẹnìkan tilẹ̀ dìde, ó fi iná fóònù rẹ̀ tàn sí ọ̀nà fún un títí tó fi jókòó.

*A Trip to Jamaica* là ń wò lọ́jọ́ náà. Fíìmù tí ìyá mi wò kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn kí ọjọ́ náà tó dé ni *Ọ̀run Mooru* ti Baba Sala, tó jáde lọ́dún 1982. Ẹ fojú wo bí àlàfo náà ṣe gùn tó. Inú mi kò balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé òyìnbó àwọn ará Warri ni olórí eré ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìyá mi kò sì gbọ́ ọ dáadáa. Àmọ́ kí eré tó dé ìdajì, obìnrin yìí ti ń fi ìpèlé nu omi ojú. Bí Akpos, ẹni tí AY ń ṣe nínú eré náà, bá ti yẹnu báyìí, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan, ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ tọ́ mi, ó bi mí pé:

"Ọmọ ibo ni bọ̀dá yìí?"

"Ọmọ Ìfọ́n ni, mà."

"Ìfọ́n wo? Ìfọ́n tiwa yìí, tó wà lẹ́yìn Ọ̀wọ̀?"

"Òun náà ni, mà."

Ìyá mi kò sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní, "Háà! Ọmọ wa mà ni!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun ẹ̀rín kankan lójú àwòrán lásìkò yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí ni mo fẹ́ tún sọ lónìí, kí n sì sọ ọ́ sókè bó ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ 19, oṣù Ògún, ọdún 2026 yìí, Ayọ̀dèjì Richard Makun tí gbogbo ayé ń pè ní AY pé ọmọ ọdún 55. Òṣèré, apanilẹ́rìn-ín, olùgbé-fíìmù-jáde, olóòtú ètò, ọmọ Ìfọ́n. A bá a yọ̀. Àwa ará Àkúrẹ́ bá a yọ̀, àwa ọmọ Oǹdó Ẹ̀kìmọ̀gún bá a yọ̀, àti gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Ọmọ wa mà ni!

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Mo ti jókòó síbi tí àwọn èèyàn ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Àkúrẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Apá kan á ní ọmọ Warri ni AY, pé ibẹ̀ ló dàgbà sí, pé èdè ibẹ̀ ló fi ń jẹun, pé ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wọn. Apá kejì á ní orúkọ rẹ̀ ń kọ́? Ta ni í jẹ́ Ayọ̀dèjì tí kì í ṣe tiwa? Òótọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì. Àwọn òbí tó bá sọ ọmọ ní Ayọ̀dèjì ń sọ pé ìdùnnú àwọn ti di méjì, ọmọ yìí sì gba orúkọ náà wọlé: ilé rẹ̀ di méjì, èdè rẹ̀ di méjì, iṣẹ́ rẹ̀ náà di méjì, ti orí ìtàgé àti ti ojú àwòrán.

Bí o bá kúrò ní Àkúrẹ́, tí o gba Ọ̀wọ̀ kọjá, tí o sì kọrí sí ọ̀nà Benin, wàá dé Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Ẹdó. Etí ọmọ ibẹ̀ kì í di sí èdè ẹlòmíì, torí pé nínú ọjà kan náà ni wọ́n ti jọ ń ná ọjà. Tí o bá tún tẹ̀ síwájú láti Benin, tí o gba Sapele kọjá, Warri ló kàn. Ìlú epo rọ̀bì, ìlú èbúté, ìlú tí Ìtsẹkírì, Urhobo àti Ijaw jọ ń gbé, tí àwọn àlejò láti gbogbo ìhà sì wá ń wá iṣẹ́ sí. Èdè Ìtsẹkírì fúnra rẹ̀ bá Yorùbá tan; ẹni tó bá tẹ́tí sí i á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dà bí ọ̀rọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n èdè tí gbogbo wọn fi ń bára wọn ṣe ni òyìnbó Warri, ìyẹn pìjín tó mú bí abẹ. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá lè fi ẹnu gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ilé ẹ̀kọ́ tí AY ti kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ nìyẹn, kí ó tó wọ yunifásítì rárá.

Ní ti yunifásítì, Delta State University tó wà ní Abraka ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ tíátà. Ọdún 2003 ló tó gboyè jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tí wọ́n bí lọ́dún 1971. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ míì ti níyàwó, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ń ra ọkọ̀. Àwa tá a wà ní yunifásítì láàárín ọdún 1990 sí ọdún 2000 mọ bí nǹkan ṣe rí: ìyanṣẹ́lódì lórí ìyanṣẹ́lódì, ọdún mẹ́rin á di mẹ́fà, mẹ́fà á di mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ló torí ẹ̀ sọ ìwé nù. Ẹlòmíì jókòó sílé, ó ń ka òrùlé. AY ní tirẹ̀ ń gbé ètò eré kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń pe èrò jọ, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi fẹ́ràn kí n máa tún ibi yìí sọ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń kánjú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sí Èkó, ó lọ bá Ali Baba. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀ ṣe di iṣẹ́ tí èèyàn ń fi kọ́lé ní Nàìjíríà, orúkọ Ali Baba ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Kí tirẹ̀ tó dé, ẹni tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lóde ayẹyẹ kò ju ẹni tí wọ́n máa bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún, tí wọ́n á há owó ọkọ̀ sí lọ́wọ́. Ali Baba wọ kóòtù, ó so táì, ó sì jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ pé ẹ̀rín náà ní iye. AY di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bá a rí sí ètò, ó ń bá a ṣe bí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé báàgì, ó gba fóònù, ó kọ lẹ́tà. Ní ilẹ̀ wa, a mọ ohun tí ń jẹ́ ìkọ́ṣẹ́: ọmọ ọdọ̀ alágbẹ̀dẹ kì í fi ọjọ́ kan di alágbẹ̀dẹ, ewìrì ni yóò kọ́kọ́ máa fín. Ewìrì ni AY fín lọ́dọ̀ Ali Baba. Ní báyìí tí ó ti di ọ̀gá, kò tíì sí ìgbà kan tí mo gbọ́ tó sẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí pé ìyá mi kò ní dárí jì mí bí mo bá kọ̀wé nípa aláwàdà láìdárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sala, ọmọ Iléṣà ni. Kí ó tó di Baba Sala onígíláàsì ràgàjì tó fi aago ńlá ṣe aago ọwọ́, olórin ni. Ẹgbẹ́ orin rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdékùnrin tó ń bá a lu ohun èlò nínú ẹgbẹ́ náà ni Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó tí ìdílé ìyá rẹ̀ jẹ́ ti agbolé ọba ní Àkúrẹ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í gbà pé òótọ́ ni. Abẹ́ aláwàdà ni ọba orin wa ti kọ́kọ́ dúró kó tó fi gìtá bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀. Bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, ní ọjọ́ 22 oṣù tó ń bọ̀, Sunny Adé náà yóò pé 80. Inú oṣù méjì yìí, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ò ní í rọ́wọ́ jẹun fún ayẹyẹ!

Mo sọ ti Baba Sala nítorí ohun tí ìyá mi sọ nígbà tá à ń ti Àkúrẹ́ padà sí Oǹdó lóru ọjọ́ sinimá yẹn. A ti kọjá Owena, mo rò pé ó ti sùn. Ó ṣàdédé ní, "Ṣé o mọ̀ pé Ìjàpá ni ọmọ yẹn ń ṣe?" Mo ní báwo. Ó ní, "Kì í ṣe pé kò gbọ́n, kì í sì í ṣe pé ó gọ̀. Ojúkòkòrò rẹ̀ ló ń kó o sí wàhálà, ẹnu rẹ̀ ló sì ń yọ ọ́. Ìjàpá ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo Akpos. Ẹni tó ń jẹ́ Akpos ti wà nínú ẹ̀fẹ̀ àwọn ará Nàìjíríà tipẹ́ kí AY tó fi ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ pa ẹ̀fẹ̀ ní Warri, Akpos ló máa lọ sí ilé ìwé, Akpos ló máa lọ sí báńkì, Akpos ló máa kú tí yóò tún jí. Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àlọ́ wa: lónìí àgbẹ̀ ni, lọ́la ó ti di àna ọba, lọ́túnla ó ti bá àwọn ẹyẹ gòkè re ọ̀run lọ jẹ àsè. Kò sí ilé tí kò lè wọ̀, kò sì sí ilé tí kò ní dọ̀tí kó tó jáde. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Warri bá ẹni tí òun àti Ìjàpá jọ jẹ́ ọmọ ìyá pàdé lójú pópó, ó sì dá a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi, tí kò gbọ́ pìjín, fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ èdè tí ń bẹ lábẹ́ èdè.

Ẹni tó bá wá ń sọ pé AY kì í ṣe tiwa nítorí pé kì í fi Yorùbá ṣe eré, èsì mi nìyẹn.

Ẹ wo ti *30 Days in Atlanta*, torí pé ibẹ̀ ni ayé ti yí padà fún un, àti fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù ní ilẹ̀ yìí. Ọdún 2014 ló jáde. Robert Peters ló darí rẹ̀. Akpos jẹ ẹ̀bùn ìrìn àjò lọ sí Atlanta ní Amẹ́ríkà fún ọgbọ̀n ọjọ́, òun àti ìbátan rẹ̀, Richard, sì gbéra. Ramsey Nouah ló ṣe Richard, òun náà ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀. Ọmọ Ìfọ́n pẹ̀lú ọmọ ọmọ Ọ̀wọ̀, wọ́n jọ dé Atlanta! Wọ́n ya apá kan rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ya èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn òṣèré Amẹ́ríkà bíi Vivica Fox àti Lynn Whitfield sì bá wọn kópa.

Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 100 náírà dáadáa nínú àwọn ilé sinimá Nàìjíríà nìkan. Lásìkò tá à ń wí yìí, ilé sinimá tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò pọ̀ rárá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní Èkó àti Abuja. Ìwé Guinness tó ń kọ àwọn àrà mérìíyìírí ayé sílẹ̀ kọ orúkọ fíìmù náà sínú ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2017 nítorí owó tó pa nílé. Nígbà tí *The Wedding Party* ti Kẹ́mi Adétiba jáde ní ìparí ọdún 2016, ó borí rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ẹni tó lànà ni ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn máa gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó gbé fíìmù jáde, ó gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ilé sinimá á mú tirẹ̀ lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó pín fíìmù kiri á mú tirẹ̀, owó ìpolówó á ti lọ ṣáájú. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni onífíìmù máa fi san gbèsè tó jẹ láti ya á. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Bí àwọn èèyàn kò bá yọ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n á gbé fíìmù mìíràn sí ojú àwòrán rẹ̀. AY mọ èyí ju ọ̀pọ̀ lọ, nítorí pé ó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láti Abraka. Ọlọ́jà ni. Ó máa ń wo àsìkò ọdún àti ìsinmi tí ìdílé máa ń jáde pọ̀. *Christmas in Miami*, bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2021 ló jáde. Àmọ́ ọgbọ́n ọjà kò ní kí olè má jà. Bí àwọn tó ń da fíìmù kọ láìgbàṣẹ ṣe da *Ọ̀run Mooru* kọ tí wọ́n sì fi gbèsè dá Baba Sala lóró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún wá bá *30 Days*. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé sinimá ti san owó tirẹ̀ kí wọ́n tó dé. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí ìyàtọ̀ yẹn. Ó dà bí ẹni pé a ti gbẹ̀san díẹ̀ fún Baba Sala.

Ohun kan wà nínú orúkọ àwọn fíìmù wọ̀nyí tí mo rò pé a kò tíì fiyè sí tó. *30 Days in Atlanta*. *A Trip to Jamaica*. *10 Days in Sun City*, tó jáde lọ́dún 2017. Ẹ kà á bí ẹni tó ń ka físà inú ìwé ìrìnnà. Ìlú tí o ń lọ, iye ọjọ́ tí wọ́n fún ọ, ọjọ́ tí o gbọ́dọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kún ilé sinimá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kò ní rí físà náà gbà láéláé, wọ́n sì mọ̀. Akpos gbà á fún wọn. Ó wọ bàálù, ó dé ilé olówó, ó ṣi ṣíbí mú, ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó ti ara rẹ̀ lójú, ó sì padà wálé láìfara pa. Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ni físà wọn.

Ó ní ẹni tó ti ṣe irú èyí ṣáájú, ní ìhà kejì òkun. Mario Moreno, ọmọ Mexico, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Cantinflas, inú àgọ́ eré àwọn tálákà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ṣe ọkùnrin mẹ̀kúnnù tó ń sọ ọ̀rọ̀ yí po, yí po, títí tí olówó tàbí adájọ́ tó ń bá a wíjọ́ kò fi ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ mú dé ibi pé wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìṣe nínú ìwé atúmọ̀ èdè Spanish. Nígbà tí Hollywood pè é lọ́dún 1956, kí ni wọ́n ní kó wá ṣe? Ìrìn àjò yí ayé ká láàárín 80 ọjọ́! Tirẹ̀ jẹ́ 80, ti Akpos jẹ́ 30. Àwọn ọmọ Latino tó dàgbà sí Amẹ́ríkà náà ń tọ ipa ọ̀nà yìí. John Leguizamo, tí wọ́n bí ní Bogotá tó sì dàgbà sí Queens ní New York, dá dúró lórí ìtàgé, ó fi ìdílé rẹ̀ àti èdè méjì tó ń sọ nílé ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ń wo irú wọn, AY ni mò ń rántí. Ọmọ tó bá ń gbé ní ilé èdè méjì ń gbọ́ ohun tí àwọn onílé kan ṣoṣo kò gbọ́.

Mi ò ní purọ́ nítorí ọjọ́ ìbí. Àwọn alárìíwísí ti na àwọn fíìmù rẹ̀ kan lẹ́gba, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ á wà níbí, ẹ̀fẹ̀ á wà lọ́hùn-ún, okùn ìtàn á já láàárín. Ó máa ń já lóòótọ́. Orúkọ tó fún *Merry Men* lọ́dún 2018 pẹ̀lú, *The Real Yoruba Demons*, kò dùn mọ́ mi nínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni, pé ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó ń da ọkàn àwọn obìnrin rú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí a pe Yorùbá pọ̀ mọ́ ẹ̀mí òkùnkùn, àní nínú eré. Ìyá mi kò bá mi gbà. Ó ní ẹni tí kò bá lè fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀, kó má fi ẹlòmíì ṣe. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ti orí ìtàgé ni mo fẹ́ràn jù ní tèmi. *AY Live*, tó sọ Àìkú Ọjọ́ Àjíǹde di ọjọ́ ẹ̀rín ní Eko Hotel, tó sì gbé dé Abuja àti London. Mi ò sáà lè sọ iye àwọn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn lórí ìtàgé yẹn. Ó tún gbé ìdíje kan kalẹ̀, *AY Open Mic Challenge*, pé kí ẹni tó bá rò pé òun mọ ẹ̀fẹ̀ pa wá gba makirofóònù. Nínú ìdíje yẹn ni Seyi Law ti jáwé olúborí, kó tó di gbajúmọ̀. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni òun náà! Ẹni tó fín ewìrì lánàá ti ń jẹ́ kí ẹlòmíì fín in. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò AY, Yomi Casual, di aránṣọ tí àwọn gbajúmọ̀ ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àgbàlagbà tó bá rí ìdílé Makun mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n bọ.

Lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, *AY's Crib* mú ẹ̀rín wọ yàrá àwọn tí kò lè dé Eko Hotel. Lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 2024, *The Waiter* jáde, Akpos sì tún padà. Lọ́tẹ̀ yìí kò gba físà. Agbáwo ni, ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn èèyàn ńláńlá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn gbogbo Atlanta, gbogbo Jamaica, gbogbo Miami, ó padà wá dúró láàárín wa pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé àwọn tó jókòó nídìí tábìlì ló yẹ ká máa fi ṣe ẹ̀rín. Ẹni ọdún 53 ló ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀.

AY, ọmọ Makun, ọmọ Ìfọ́n, kú oríire o! Kú ewu ọjọ́ gbogbo, kú ìnáwó òru, kú ẹ̀rín ojú tí ń bo ìrẹ̀wẹ̀sì mọ́lẹ̀. Ọdún á yabo fún ọ. Àfàìmọ̀ kí o má ti rò pé àwọn ará ilé kì í wò ọ́. À ń wò ọ́. Ní Ìsìkàn l'Àkúrẹ́ à ń wò ọ́, ní Yàbà l'Oǹdó à ń wò ọ́, lórí fóònù, lórí tẹlifíṣọ̀n ilé onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn Dome ní Àkúrẹ́ ṣí sílẹ̀ dè ọ́. Bí o bá ń bọ̀, má gbàgbé láti fi òyìnbó Warri náà bọ̀. Má ṣe yí i padà nítorí tiwa.

Ìyá mi ti di ẹni ọdún 81. Orúnkún kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá pé AY fẹ́ẹ́ pé 55, ó ní, "Ọmọdé ṣì ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí ìgbà wo ni fíìmù rẹ̀ mìíràn máa jáde. Mo ní màá wádìí. Ó ní kí n tètè wádìí, torí pé ó ní ìpèlé kan tí òun kò tíì fi jáde rí, ẹ̀pà náà sì wà nílé.